ÀGBÀBỌ̀ ṢÒKÒTÒ: BÍ ÀWỌN ÌJỌBA ṢE Ń PÍN OWÓ ÌRÀNWỌ́ ILẸ̀ ÒKÈÈRÈ

   

Àríyànjiyàn kan ló bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná. Bí ènìyàn bá jáde lẹ́nu ọ̀nà ọgbà wa tó kọrí sí ọjà, pátákó ni yóò máa kà lọ. Lára ilé ìwòsàn, orúkọ ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan wà níbẹ̀. Lára ẹ̀rọ omi, orúkọ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà wọ ọgbà, tó dé gbọ̀ngàn ńlá tí a ti ń fún ara wa pọ̀ bí ẹja inú agolo, kò ní rí pátákó kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá wa bá ní, "Ṣé àwọn òyìnbó yìí kò mọ̀ pé ebi ìwé ń pa wá ni? Kí ló dé tó jẹ́ oògùn ni wọ́n ń kó wá ṣáá?" Èkejì ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé alààyè ló ń kàwé. Ẹ̀kẹta fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo owó náà, àwọn ọ̀gá ní Àbújá ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-o-yà-mí, àfìgbà tí iná dé, tí oníkálukú sáré lọ ki fóònù rẹ̀ bọ iná.

Èmi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Mo gba ilé ìkàwé lọ. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ bá yín pín.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ OWÓ ÌRÀNWỌ́?

Kì í ṣe gbogbo owó tó bá ti òkè òkun wá ni owó ìrànwọ́ ìjọba. Èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù kò sí níbẹ̀. Owó ilé-iṣẹ́ tó wá wa epo kò sí níbẹ̀. Ìbọn àti ọkọ̀ ogun kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ kan wà ní ìlú Paris tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DAC, lábẹ́ àjọ OECD. Láti 1961 ló ti wà, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló sì wà nínú rẹ̀. Òun ló ń ṣírò owó yìí. Ìtumọ̀ tó fún un ni pé ó jẹ́ owó tí ìjọba kan yọ sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àti ìgbáyé-gbádùn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ tó o. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ rọ̀ púpọ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là á kalẹ̀ pé kí olówó kọ̀ọ̀kan máa yọ sẹ́ńtì 70 nínú gbogbo 100 dọ́là tó bá ń wọlé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́. Ní 2024, mẹ́rin péré nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ DAC ló kọjá ibẹ̀: Norway, Luxembourg, Sweden àti Denmark. Bí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, sẹ́ńtì 33 ni wọ́n yọ nínú 100 dọ́là. Síbẹ̀, owó ńlá ni. Ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 212 dọ́là lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wálẹ̀ sí ti 2023.

ÌKÒKÒ MÉLÒÓ LÓ WÀ LÓRÍ INÁ?

Owó yìí kì í wà nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ DAC pín in sí ẹ̀ka ẹ̀ka, mo sì lè kó wọn jọ sí mẹ́fà fún ìrọ̀rùn.

Èkíní ni ìgbáyé-gbádùn ará ìlú. Inú rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà, àti ìlera, àti omi mímu, àti ètò ìṣèjọba. Èkejì ni ohun amáyédẹrùn bíi títì, rélùwéè, iná mànàmáná àti bánkì. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tó ń mú oúnjẹ àti ọjà jáde: iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹja pípa, ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré. Ẹ̀kẹrin ni ìrànwọ́ pàjáwìrì nígbà ogun, ọ̀dá tàbí omíyalé. Ìkarùn-ún ni ìdáríjì gbèsè. Ẹ̀kẹfà ni owó tí olùfúnni ń ná nínú ilé ara rẹ̀, kí a tó padà dé ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Owó tí wọ́n fi ń gbógun ti HIV kò sí lábẹ́ "ìlera" nínú ìwé DAC. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, pọ̀ mọ́ ètò ìfètòsọ́mọbíbí. Ẹni tó bá ka ìlà "ìlera" nìkan yóò rò pé owó ìlera kò tó nǹkan. Ìgbà tó bá pa méjèèjì pọ̀ ni yóò tó mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìṣirò UNESCO fi hàn pé nínú gbogbo owó ìrànwọ́ àgbáyé, ìpín ẹ̀kọ́ jẹ́ 9.3 nínú 100 ní 2019. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti wálẹ̀ sí 7.6. Ará yàrá wa àkọ́kọ́ kò parọ́ nígbà náà. Ebi ìwé ń pa wá lóòótọ́.

TA LÓ MÚ ÌGBAKỌ LỌ́WỌ́?

Ọwọ́ ẹni tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Ẹni tó ni ìkòkò ló ń mú ìgbakọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ló ń pín owó náà kó tó kúrò nílé. Wọn á ti kọ ọ́ sí i lára pé èyí jẹ́ ti HIV, èyí jẹ́ ti ibà, èyí jẹ́ ti oúnjẹ. Nígbà tó bá fi máa gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà, ó ti lórúkọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í kọjá nínú àpò ìjọba wa. Ọwọ́ àwọn àjọ, àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ló ń gbà lọ tààrà. Nítorí náà, ẹ̀kẹta wa tó ní Àbújá ló ń jẹ gbogbo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jàre. Wọ́n lè máa jẹ òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ní 2003, George W. Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà dá ètò PEPFAR sílẹ̀ láti gbógun ti HIV. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ́kọ́ dojú rẹ̀ kọ, owó tó sì ti wọ ibí láti ìgbà náà ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ. Ètò wọn lórí ibà tẹ̀ lé e ní 2005. Àwọn àjọ àgbáyé bíi Gavi tó ń ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti Global Fund tó ń gbógun ti HIV, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà, ń fi tiwọn kún un.

Kí ló dé tí ìlera fi ń rí gbà ju ẹ̀kọ́ lọ? Mo rí ìdí mẹ́ta.

Ìdí kìíní: ìlera ṣe é kà. Aṣòfin tó fọwọ́ sí owó fẹ́ mọ ohun tó rà. Wọ́n lè sọ fún un pé nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn báyìí la pín, ọmọ báyìí la fún lábẹ́rẹ́. Ta ló lè ka ọgbọ́n tó wọ orí ọmọdé láàárín ọdún kan?

Ìdí kejì: àrùn kì í gba físà. Ní oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan gbé Ebola láti Liberia wọ ìlú Èkó. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 sì kú, ara wọn ni Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ tí kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Kí oṣù kẹwàá tó parí, a ti ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ètò tí wọ́n ti fi owó ìrànwọ́ gbé kalẹ̀ láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ ni wọ́n yí padà sí Ebola. Olówó tó ń bẹ lókè òkun mọ̀ pé bí iná bá ń jó ilé aládùúgbò, ó yẹ kí òun náà gbé omi.

Ìdí kẹta: owó oṣù tíṣà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó ẹ̀kọ́, olùfúnni kò sì fẹ́ràn láti máa san owó oṣù tí kò lópin. Wọn á kọ́ tíṣà lẹ́kọ̀ọ́, wọn á tẹ ìwé, wọn á tún ilé ìwé ṣe, lẹ́yìn náà wọn á palẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ètò ESSPIN tí Ìlú Ọba náwó sí láti 2008 dé 2017 ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà: Kano, Kaduna, Jigawa, Enugu, Kwara àti Èkó. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ lórí bí tíṣà ṣe ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ẹrù owó oṣù.

Kì í sì í ṣe àánú nìkan ló ń pín owó. Láti 1954 tí Amẹ́ríkà ti ṣòfin lórí fífi oúnjẹ ṣèrànwọ́, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tiwọn ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ nínú ọkà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ebi ń kúrò nínú ẹni tó gbà á, owó sì ń wọ àpò ẹni tó gbìn ín.

ẸRÙ TÍ KÒ KÚRÒ NÍLÉ

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù rèé. Nínú owó tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé àwọn fi ṣèrànwọ́, apá kan wà tí kì í kúrò nílùú wọn rárá.

Ní 2023, Ìlú Ọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi bílíọ̀nù 15.3 pọ́n-ùn ṣèrànwọ́. Bílíọ̀nù 4.3 nínú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí 28 nínú 100, ni wọ́n ná nínú Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ lórí àwọn tó sá àsálà wá bá wọn, owó òtẹ́ẹ̀lì sì wà níbẹ̀. Òfin DAC gbà wọ́n láàyè láti ka owó ọdún àkọ́kọ́ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ ìrànwọ́. Kò burú kí a gba àlejò. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu u.

Èyí tó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an tún wà níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní yunifásítì ìjọba ní Jámánì, níbi tí wọn kì í ti í gba owó ilé ìwé lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, lè rò pé orí òun ló bá òun ṣe é. Jámánì lè ka owó tí wọ́n ná lé e lórí mọ́ ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́. Faransé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó náà kò kan bẹ́ǹṣì kan ní ilé ìwé kankan ní Nàìjíríà, ó sì wà nínú ìpín ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìdáríjì gbèsè ńkọ́? Ní 2004, ìrànwọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Nàìjíríà kò tó bílíọ̀nù 1 dọ́là. Ní 2005 ó fò kọjá bílíọ̀nù 6, ní 2006 ó kọjá bílíọ̀nù 11. Ẹni tó bá rí iye yìí yóò rò pé wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kó owó wá. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Gbèsè tí àwọn Paris Club dárí jì wá nígbà Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni, nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là, lẹ́yìn tí àwa fúnra wa gbà láti san bíi bílíọ̀nù 12.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó dára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀. Owó tí a ìbá máa fi san gbèsè náà, bíi bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́dún, ìjọba yà á sọ́tọ̀ fún ìlera, omi, ẹ̀kọ́ àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti náwó sí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí wọ́n fi gba àwọn tó jáde NCE síṣẹ́ olùkọ́ ọlọ́dún méjì káàkiri ilẹ̀ yìí. Owó oṣù tíṣà tí olùfúnni kì í fẹ́ san, a san án lọ́jọ́ tí ìgbakọ bọ́ sí wa lọ́wọ́.

ỌJỌ́ TÍ ONÍṢÒKÒTÒ GBA ṢÒKÒTÒ RẸ̀

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù keje, àjọ USAID tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 kógbá wọlé, wọ́n sì kó ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ fún iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn. Ní oṣù kejì ọdún kan náà, Ìlú Ọba kéde pé òun yóò dín tòun kù láti sẹ́ńtì 50 sí sẹ́ńtì 30 nínú 100 kí 2027 tó pé, kí òun lè rí owó fún ètò ogun.

Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń lo oògùn HIV. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ lò ó. Bó bá dáwọ́ dúró, kòkòrò yóò tún gbérí. Lóòótọ́ wọ́n ní kí oògùn tó ń gbẹ̀mí là ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n oògùn kì í fẹsẹ̀ rìn. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò, àwọn tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, àwọn tó ń wá aláìsàn lọ sílé, ọ̀pọ̀ wọn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ni ìjọba wa ṣe? Ní oṣù kejì ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà fún oògùn HIV, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlera. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí owó yìí ṣe é rí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, níbo ló wà láti ogún ọdún?

Ìlú Àbújá ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣèlérí ní oṣù kẹrin ọdún 2001 pé àwọn yóò máa fi ó kéré tán 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn sí ìlera. Àwa tí wọ́n ṣèlérí nínú ilé wa kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2010 sì fi hàn pé lórí dọ́là kan tí ìjọba ilẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ bá rí gbà fún ìlera, ó kéré tán sẹ́ńtì 43 ni ìjọba náà ń fà sẹ́yìn nínú tirẹ̀. Àlejò gbé oúnjẹ wá, baálé ilé bá gbé ìkòkò tirẹ̀ kúrò lórí iná. Ọjọ́ tí àlejò bá lọ, àwọn ọmọ ni ebi yóò pa.

Ohun tí mo rí nìyí, ẹ̀yin ará. Ìṣòro owó ìrànwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ pé ìlera gbà ju ẹ̀kọ́ lọ. Ibi tí àlejò bá fi owó sí ni ìjọba wa ń gbé ọwọ́ kúrò, ibi tí kò sì fi sí, ìjọba kò tún gbé ọwọ́ lọ síbẹ̀.

ÀWA AKẸ́KỌ̀Ọ́ ŃKỌ́?

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ "26 nínú 100" tí a máa ń ké nígbà ìwọ́de, pé UNESCO ló ní kí ìjọba máa fi í sí ẹ̀kọ́. Ẹ má bínú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí UNESCO àti àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2015 ni pé kí ó jẹ́ 15 sí 20 nínú 100 owó tí ìjọba ń ná. Láti 2018 dé 2024, ìpín ẹ̀kọ́ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ kò dé 10 nínú 100. Òótọ́ tó wà lọ́wọ́ wa tó ó jà, a kò nílò láti fi àsọdùn kún un.

Bí ẹ bá tún rí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ẹ̀bùn ni àbí gbèsè? Ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2016, tí ọ̀pọ̀ wa ti wọ̀, mílíọ̀nù 500 dọ́là tí a yá lọ́wọ́ bánkì Exim ti Ṣáínà wà nínú rẹ̀. A ó san án. Ìbéèrè kejì: ta ló ń ná an, títí di ìgbà wo? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: kí ni ìjọba tiwa fi kún un, kí ló sì yọ kúrò?

Àwọn àgbà ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ṣòkòtò tí wọ́n yá wa bo ìhòòhò wa, ó sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wa. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì ní dúró dè wá.

Mo ti kà á fún àwọn ará yàrá wa. Èkíní ní òun kò ní bá òyìnbó jà mọ́. Ẹ̀kẹta ṣì ń kùn pé Àbújá lòun ń bá wí síbẹ̀. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ó jàre.